Ṣé Aago Ọwọ́ Olówó Ńlá Jẹ́ Ibi Tó Yẹ Ká Kó Owó Sí? Ìbéèrè Àwọn Ará Èkó àti Ìdáhùn Mi

Sùúrùlérè ni mo ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti fẹ́ràn aago ọwọ́ láti kékeré. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kì í fi í tán lẹ́nu wọn: ní ibi iṣẹ́, ní òde ìnáwó, nínú ọkọ̀ lórí Third Mainland. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìbéèrè ọ̀hún ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, "Aago yín mà rẹwà o" ni wọ́n máa ń sọ. Ní báyìí, "Èló ló máa dà tó bá di ọdún tó ń bọ̀?" ni. Mo kó àwọn tó wọ́pọ̀ jù jọ síbí, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe máa dá àbúrò mi lóhùn, torí owó tí ẹlòmíràn fẹ́ fi ra aago yìí, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ni.

Ẹ sọ ọ́ ṣókí: ṣé ó dáa kéèyàn kó owó sí aago?

Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, kò dáa. Ẹni tó ní owó tí kò ní nílò fún ọdún mẹ́wàá, tó mọ aago dáadáa, tó sì máa gbádùn wíwọ̀ rẹ̀, kó rà á. Ẹni tó ń wá ibi tí owó rẹ̀ á ti bímọ, kó gba ibòmíràn lọ. Aago kì í san èlé, kì í pín èrè lọ́dọọdún, ẹ ò sì lè fi háyà bí ẹní fi ilé háyà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó lè gbà mú owó wọlé ni pé kí ẹlòmíràn fẹ́ ẹ lọ́la ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lónìí lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ra tiẹ̀ ní 2023, ó tà á ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ ní 2024. Ṣé irọ́ ló ń pa ni?

Kò parọ́. Owó tó kà lọ́wọ́ pọ̀ ju èyí tó san lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n náírà ló ṣubú, aago kọ́ ló gòkè. Ẹ jẹ́ ká jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ l'Ékòó.

Dọ́là ni àwọn tó ń ta aago àlòkù káàkiri àgbáyé fi ń ṣírò, títí kan àwọn tó ń gbé e wá fún wa níbí. Ní May 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí 460 náírà ní báńkì. Ní June ọdún yẹn ni Báńkì Àpapọ̀ jáwọ́ lára náírà pé kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà.

Ká wá ní ẹ̀gbọ́n yín ra aago ní 10,000 dọ́là ní May 2023. Ká fi iye báńkì ṣírò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó rí dọ́là rà ní iye yẹn ò pọ̀. 4,600,000 náírà ni. Ká ní ọjà aago ti rọ̀ nígbà tó máa tà á ní ìparí 2024, 8,000 dọ́là péré ni wọ́n fún un. Ní 1,500 náírà sí dọ́là kan, 12,000,000 náírà ló wọlé fún un. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní òun jèrè 7,400,000. Ṣùgbọ́n ká ní ó fi 10,000 dọ́là yẹn sílẹ̀ nínú àkáǹtì dọ́là, tí kò fọwọ́ kàn án rárá, 15,000,000 náírà ni ì bá ní. Mílíọ̀nù mẹ́ta ti bá aago lọ, kò sì mọ̀.

Mo gbà pé ohun tó ṣe yìí sàn ju kó fi náírà sínú àkáǹtì lásán lọ. Ṣùgbọ́n dọ́là tó wà lára aago náà ló gbà á là. Nítorí náà, ẹ kọ iye tí ẹ ra aago sílẹ̀ ní dọ́là, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ tà á ní dọ́là pẹ̀lú. Tí èkejì ò bá ju àkọ́kọ́ lọ, ẹ ò tíì jèrè, ìbáà jẹ́ àpò náírà lẹ fi kó owó náà délé.

Kí ló dé tí aago irin fi ń wọ́n ju aago góòlù lọ nígbà míì?

Torí pé ó ṣọ̀wọ́n. Ní 1972, ilé iṣẹ́ Audemars Piguet gbé Royal Oak jáde. Ní 1976, Patek Philippe gbé Nautilus jáde. Ẹnì kan náà, Gérald Genta, ló ya àwòrán àwọn méjèèjì. Irin ni wọ́n, síbẹ̀ owó tí wọ́n dá lé wọn ju ti ọ̀pọ̀ aago góòlù ìgbà yẹn lọ, ó sì ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Lónìí, àwọn tó ń wá wọn pọ̀ gan-an ju iye tí ilé iṣẹ́ ń ṣe lọ. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ aṣojú tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí, wọ́n á ní kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ kí ẹ máa retí. Ẹni tí kò lè retí á lọ bá ẹni tó ti rí tiẹ̀ gbà, á sì fi owó lé owó.

Ọdún 2020 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2022 ni ọ̀rọ̀ yìí wá dà bí iná ọyẹ́. Àrùn kòrónà ti àwọn ilé iṣẹ́ aago ní Switzerland pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èlé orí owó wálẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn tó jèrè nínú bitcoin ń wá ohun tí wọ́n máa fi owó náà rà. Ní 2021, Patek Philippe kéde pé àwọn ò ní ṣe Nautilus 5711 mọ́. Ní December ọdún náà, wọ́n gbé ọ̀kan tó ní ojú aláwọ̀ omi òkun, tí wọ́n ṣe fún Tiffany, ilé ìtajà ohun ọ̀ṣọ́ ní Amẹ́ríkà, lọ sí ọjà gbàǹjo ní New York. Ẹyọ 170 péré ni wọ́n ṣe, nǹkan bí 52,000 dọ́là sì ni iye rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. 6,500,000 dọ́là ni wọ́n san lórí rẹ̀. Ìtọrẹ àánú ni wọ́n fi owó náà ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó rántí ìyẹn. Ohun tí gbogbo wa gbọ́ ni pé aago ti di wúrà.

Ní March 2022, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èlé sókè. Bitcoin já wálẹ̀, aago àlòkù sì tẹ̀ lé e. Ó já ní 2022, ó já ní 2023, kò sì tíì rí ẹsẹ̀ dúró dáadáa ní 2024. Mo mọ ọ̀nà yẹn dunjú, torí December 2021 gan-an ni mo ra tèmi.

Aago kan tà ní mílíọ̀nù dọ́là mẹ́tàdínlógún. Ìyẹn ńkọ́?

Rolex Daytona tí òṣèré Paul Newman wọ̀ nìyẹn. Wọ́n tà á ní gbàǹjo ní New York ní October 2017, ó sì lé ní 17,700,000 dọ́là. Ìyàwó rẹ̀, Joanne Woodward, ló rà á fún un, ó sì jẹ́ kí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé kó máa rọra wa ọkọ̀, torí Newman fẹ́ràn eré ìje ọkọ̀. Newman fúnra rẹ̀ fi ta ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ́rẹ ní 1984.

Ohun tí wọ́n rà níbẹ̀ kì í ṣe irin. Ọ̀rọ̀ ìyàwó sí ọkọ rẹ̀, ọwọ́ tó wọ̀ ọ́, àti ọ̀nà tí ó gbà kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n rà. Daytona tí ẹ máa rí nínú àpótí gíláàsì kò ní ìyẹn. Ẹni tó bá fi ìtàn yìí ta aago fún yín, ẹ bi í pé ta ló wọ tiẹ̀.

Aago wo ni owó rẹ̀ kì í tètè já?

Wọn ò pọ̀. Àwọn Rolex onírin bíi Submariner, GMT-Master àti Daytona, Nautilus àti Aquanaut ti Patek, Royal Oak. Àwọn yòókù, bí wọ́n ti wù kí wọ́n dára tó, bí ọkọ̀ tíà rọ́bà ni wọ́n rí: ní kété tí ẹ bá gbé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù ni owó rẹ̀ ti dín. Kì í ṣe pé wọ́n burú o. Mo ní Seiko kan tí mi ò lè fi Rolex pààrọ̀. Mo kàn ń sọ bí ọjà ṣe rí ni. Àwọn aago tí wọ́n to dáyámọ́ǹdì sí lára lẹ́yìn tó ti kúrò ní ilé iṣẹ́, èyí tó wọ́pọ̀ ní òde àríyá wa, ni owó wọn ń já jù. Ẹ máa san owó dáyámọ́ǹdì náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹni tó mọ aago á ní wọ́n ti bà á jẹ́.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú?

Ẹ ò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń gbà wá tẹ́lẹ̀ ni pé ojúlówó máa ń wúwo, ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀ sì máa ń rọra rìn láìfò. Ayédèrú òde òní ń ṣe méjèèjì. Ó tún ní páálí, ó ní káàdì, ó ní nọ́ńbà lára. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọ pé ayédèrú gan-an kọ́ ló burú jù. Èyí tó burú jù ni aago tó jẹ́ ojúlówó ní ìdajì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí. Aago Swiss àlòkù ni mo rà, 6,200 dọ́là, lọ́wọ́ ẹnì kan tí àwọn èèyàn júwe fún mi. Páálí wà, ìwé wà, nọ́ńbà ara rẹ̀ bá ti inú ìwé mu. Mo wọ̀ ọ́ fún ọdún kan ààbọ̀, inú mi sì ń dùn. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sẹ́yìn lójoojúmọ́, mo gbé e lọ bá Bàbá Alágogo, tó ń tún aago ṣe ní Ojúẹlẹ́gba. Àpótí onígíláàsì kékeré ló jókòó tì, kò fẹ̀ ju àga ilé ẹ̀kọ́ kan lọ, ó sì ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Bàbá há awò dúdú kékeré sí ojú ọ̀tún. Ó fi irin rẹ̀ yí ẹ̀yìn aago náà, ó ṣí i, ó fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀rọ yìí, òun náà nìyí. Kò sí èèrí." Ọkàn mi balẹ̀. Ó wá yọ ọwọ́ aago, ó yọ ojú aago kúrò, ó dà á dé sórí aṣọ funfun, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló pè mí súnmọ́ ọn.

"Ọmọ mi, wá wo ibí yìí. Ojú aago tí ilé iṣẹ́ bá ṣe, ẹsẹ̀ kéékèèké méjì máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, ó máa wọ inú ihò tó wà lórí ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ dà?"

Kò sí ẹsẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni, ó ti gbẹ, ó pọ́n bíi ọṣẹ dúdú tó gbẹ sí etí agolo. Bàbá gbé awò rẹ̀ fún mi kí n wo iwájú. Àwọn lẹ́tà orúkọ ilé iṣẹ́ náà, tí mo ti ń wò fún ọdún kan ààbọ̀, fẹ̀ lọ́nà kan tí ojú mi ò rí rí: etí wọn ò gún, bí ìgbà tí yíǹkì bá tàn sórí bébà tútù. Ẹnì kan ti yọ ojúlówó ojú aago náà tà lọ́tọ̀, ó wá fi èyí rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi kò gbé ìpè mi mọ́ láti ọjọ́ kejì. Ní 2024 mo tà á fún ẹlòmíràn, mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún un, ó sì fún mi ní 3,100 dọ́là. Ìdajì géérégé ti lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún aago àlòkù, ẹ jẹ́ kí alágogo tí ẹ̀yin fúnra yín yàn ṣí i lójú yín. Kì í ṣe èyí tí ẹni tó ń tà á mú yín lọ bá. Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ tàbí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ ò fọkàn tán òun, ẹ dìde.

Tí mo bá rà á tuntun lọ́wọ́ aṣojú tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí ńkọ́?

Ìyẹn ló dáa jù. Ọdún márùn-ún ni Rolex fi ń dúró ti aago tuntun rẹ̀. Láti December 2022, ó tún bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àwọn aṣojú kan fi ń ta àlòkù tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti yẹ̀ wò. Owó rẹ̀ máa ń ju ti òde lọ, ẹ ó sì mọ ìdí tí ẹ fi san án.

Aago góòlù ńkọ́? Ṣebí góòlù kì í já?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bi mí ní èyí, ó sì tọ́ kó bi mí. Àwọn ìyá wa mọ góòlù kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wa ní okòòwò. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti fẹ́ wọlé, tí owó ò sí, ẹ̀gbà ọrùn kan á kúrò nínú àpótí lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, owó á sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi yìí jọ lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò góòlù kan nítòsí Balógun, torí ó ní aago góòlù kan tó fẹ́ mọ iye rẹ̀.

Ọkùnrin náà kò wo orúkọ tó wà lójú aago rárá. Ó fi ìdí aago ha orí òkúta dúdú kan, ilà wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ hàn, ó kán áásìdì sí i, a jọ ń wò ó. Ilà náà kò parẹ́. Ó ní káráàtì 18 ni, ìyẹn ni pé ìdá 75 nínú 100 rẹ̀ ni góòlù gidi. Ó wá ní kí á gbọ́ o: òun máa yọ ẹ̀rọ, gíláàsì àti síprínì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí òun ò ra ìyẹn. Góòlù nìkan lòun máa gbé sórí ìwọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní, "Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sínú rẹ̀ ńkọ́?" Ọkùnrin náà ní, "Ìyá mi, ẹ lọ bá ẹni tó ń ra iṣẹ́."

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn nìyí. Ní October 2025, góòlù kọjá 4,000 dọ́là lórí áúǹsì kan, áúǹsì kan sì jẹ́ gíráàmù 31.1. Ìyẹn fi gíráàmù góòlù gidi kan sí nǹkan bí 128 dọ́là, ti káráàtì 18 sí nǹkan bí 96 dọ́là. Ilẹ̀ aago góòlù nìyẹn: owó rẹ̀ kò ní já kọjá ibẹ̀ àyàfi tí góòlù fúnra rẹ̀ bá já. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń gbà ní ṣọ́ọ̀bù fi púpọ̀púpọ̀ ju ilẹ̀ yẹn lọ. Tó bá jẹ́ góòlù lẹ fẹ́ kó owó sí, ẹ ra góòlù, èyí tí ẹ ò san owó iṣẹ́ púpọ̀ lé lórí. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún aago tí wọ́n kàn fi omi góòlù pa lára. Lórí ìwọ̀n, òfo ni.

Èló ló ń náni láti tọ́jú rẹ̀?

Aago onísíprínì ń fẹ́ kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fún un lóróró tuntun. Rolex ní kó máa jẹ́ nǹkan bí ọdún mẹ́wàá síra. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń sọ ọdún márùn-ún. Owó rẹ̀ lè wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là. L'Ékòó, òógùn àti ooru kì í jẹ́ kí rọ́bà tó ń dí omi pẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé e wọ òkun ní Élégúṣì. Ẹ ṣírò gbogbo ìyẹn mọ́ owó tí ẹ fi rà á. Àwọn tó ń sọ èrè kì í sábà ka èyí.

Ẹ̀bẹ̀ kan: ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fá a dán. Alágogo míì máa ń fẹ́ ṣe yín lóore, á fi ẹ̀rọ pa gbogbo ojú ọgbẹ́ ara rẹ̀ rẹ́. Etí irin tó mú á di róbótó, owó rẹ̀ á sì bá a lọ.

Aago onífóònù, smartwatch, ńkọ́?

Rárá o. Ní 2015, Apple ta aago góòlù káráàtì 18 kan, ìbẹ̀rẹ̀ owó rẹ̀ jẹ́ 10,000 dọ́là. Ó lé díẹ̀ ní ọdún mẹ́ta péré tí wọn ò fi fún un ní ètò tuntun mọ́. Góòlù inú rẹ̀ nìkan ló kù tó níye lórí. Tó bá jẹ́ ká mọ àkókò ni, fóònù ọwọ́ yín péye ju gbogbo aago tí mo dárúkọ lójú ewé yìí lọ.

Ta ló máa rà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo bá nílò owó?

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú dé nìyí. Dọ́là, ẹ máa rí ẹni ṣẹ́ ẹ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Góòlù, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Aago? Alágbàtà gbọ́dọ̀ jèrè tirẹ̀, nítorí náà iye tí ó kọ sára èyí tó ń tà kì í ṣe iye tí ó máa fi ra tiyín. Nígbà tí mo ń ta tèmi, mo gbé e dé ibi mẹ́ta láàárín Allen, Victoria Island àti Lẹ́kí. Iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sọ, èyí tó ga jù fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju èyí tó kéré jù lọ. Ẹnì kan ní kí n fi sílẹ̀ kí òun bá mi tà á, kí n máa fọkàn sí i. Mi ò fi sílẹ̀.

Nítorí náà kí ẹ tó rà, ẹ lọ ṣe bí ẹni fẹ́ tà. Ẹ wá irú aago náà gan-an, ẹ béèrè lọ́wọ́ alágbàtà méjì pé èló ni wọ́n máa rà á lónìí, owó lọ́wọ́. Iye tí wọ́n bá sọ ni aago náà tó. Ìyókù tí ẹ fi lé e, owó ìfẹ́ ni.

Tó bá sì jẹ́ pé àìsàn tàbí owó ilé ló sáré dé, tí ẹni tó ń rà á sì rí i lójú yín, ẹ mọ̀ pé yóò tún já sí i.

Ṣé mo lè wọ̀ ọ́ káàkiri Èkó?

Ẹ wọ̀ ọ́ sí ibi tí ẹ ti mọ bí ẹ ṣe máa jáde. Ẹ má ṣe gbé ọwọ́ síta wíńdò nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sórí Instagram pẹ̀lú orúkọ ibi tí ẹ wà. Apá gígùn ni mo máa ń wọ̀. Mo tún mọ ẹnì kan tó fi tiẹ̀ sínú àpótí irin ní báńkì láti ọdún mẹ́ta. Ó ń san owó àpótí lọ́dọọdún fún ohun tí kò rí.

Tí kì í bá ṣe aago, kí ni kí n fi 10,000 dọ́là ṣe?

Mi ò kí ń ṣe agbani-nímọ̀ràn owó, ẹ bá ẹni tó ní ìwé àṣẹ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan wé e. Ní August 2024, ìjọba àpapọ̀ ta bọ́ǹdì dọ́là, ìyẹn ìwé owó tí èèyàn yá ìjọba, fún wa nílé níbí: ọdún márùn-ún, èlé 9.75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, iye tó kéré jù téèyàn lè fi wọlé sì jẹ́ 10,000 dọ́là gan-an. Dọ́là 975 lọ́dún, ojú owó sì ń dúró. Àwọn tó fẹ́ ẹ pọ̀ débi pé owó tó wọlé lé ní 900 mílíọ̀nù dọ́là, nígbà tó jẹ́ 500 mílíọ̀nù ni ìjọba ń wá. Aago 10,000 dọ́là gbọ́dọ̀ kọjá 14,800 lọ́dún karùn-ún kó tó bá a dọ́gba, láìtíì ka owó ìtọ́jú.

Fún ẹni tí kò ní tó bẹ́ẹ̀, bọ́ǹdì ìfowópamọ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ láti 5,000 náírà, wọ́n sì ń san èlé rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Èlé tréṣọ́rì bíìlì ọlọ́jọ́ 364, ìyẹn owó tí èèyàn yá ìjọba fún nǹkan bí ọdún kan, kọjá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2024. Mi ò ní tàn yín: ọ̀wọ́n ọjà ọdún yẹn kọjá ìyẹn náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ìbẹ̀rù tó ń lé àwọn èèyàn lọ sídìí aago. Náírà ń yọ́ lọ́wọ́ wa, gbogbo wa sì ń wá ohun tí kò ní yọ́.

Ṣé mo lè fi owó àjọ tàbí owó tí mo yá rà á?

Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Èlé owó tí ẹ yá ń rìn lóru àti lọ́sàn-án. Aago ò mọ̀ ọ́n rìn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin wá ńkọ́, kí ló dé tí ẹ ṣì ń ra aago?

Torí mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo máa ń yí ẹ̀yìn èyí tó ní gíláàsì lẹ́yìn síta lálẹ́, kí n máa wo kẹ̀kẹ́ kékeré inú rẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀, ìgbà mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹnì kan ló jókòó ṣe é. Owó tí mo fi ń rà á báyìí, owó tí mo ti sọ pé ó ti lọ ni, bí ẹni ra aṣọ òkè fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń béèrè èló ni aṣọ òkè máa dà lọ́dún tó ń bọ̀.

Bàbá mi kú, ó fi aago àtijọ́ kan sílẹ̀. Ṣé kí n tà á?

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ má tíì tà á. Ọ̀pọ̀ bàbá wa ra aago wọn nígbà owó epo, ní àárín 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1980, nígbà tí náírà kan ju dọ́là kan lọ, nítorí náà aago gidi wà nínú àwọn dúróà l'Ẹ́bùté Mẹ́ta àti Yábà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ẹ má fi ipá wáíǹdì í. Òróró inú rẹ̀ ti gan, eyín rẹ̀ lè kán. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ wá inú fáìlì bàbá dáadáa fún rìsíìtì tàbí ìwé kékeré kankan, páálí pàápàá, torí ìyẹn lè fi owó gidi kún un. Ẹ gbé e lọ bá alágogo méjì tí wọn ò mọ ara wọn, kí ẹ jókòó tì wọ́n. Kí ẹ̀yin ọmọ sì fẹnu kò, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, lórí ẹni tó máa mú un dání, torí aago kan kò ṣeé pín sí mẹ́rin.

Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Àwọn ilé iṣẹ́ ìgbà yẹn máa ń fín orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn aago tí wọ́n bá fún òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́. Bí ẹ bá rí orúkọ bàbá yín níbẹ̀, alágbàtà á sọ fún yín pé ó ń dín owó rẹ̀ kù, á ní kí ẹ jẹ́ kí òun fá a kúrò. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kàn án.